Wọ́n Ní Kí Ẹ̀rọ Dákẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, ni wọ́n gbé Bàbá Ẹlẹ́rọ kúrò ní ọsibítù wá sílé. Ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń kó àgbàdo láti oko ló gbé e. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà mọ́, ó tẹ́ tìmùtìmù méjì léra wọn síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó tì í, ó fi itan ṣe ìrọ̀rí fún un. Níbi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí bàbá rẹ̀ mú kó má baà máa mì. Awakọ̀ náà rọra ń wakọ̀ bí ẹni tó kó ẹyin.

Dókítà ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ní kókó tó wà nínú ẹ̀dọ̀ bàbá ti kọjá ibi tí ọ̀bẹ lè dé, pé oògùn tó kù kì í ṣe ti ìwòsàn mọ́, ti kí ara má ro ó ni. Wọ́n lè fi í sílẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé. Nọ́ọ̀sì tó ń fi alùpùpù yí àwọn abúlé ká á máa yà wò ó. Ọmọbìnrin náà bi bàbá rẹ̀ léèrè èwo ló fẹ́.

Ọkùnrin náà kò ríran mọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti bí ọdún kan sẹ́yìn, nígbà tó sì fi máa dé ọsibítù, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló kù tó ń dá mọ̀. Ó nawọ́, ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kàn.

“Gbé mi lọ síbi tí mo ti lè máa gbọ́ ẹ̀rọ mi,” ó ní. “Ibí yìí dákẹ́ jù. Èèyàn ò lè sùn níbi tó dákẹ́ báyìí.”

Ọmọbìnrin náà rò pé ilé ni bàbá ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè rò bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá. Ilé la ń lọ.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ ńlá ní ìlú, kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Lórí fóònù, ó ní báwo ló ṣe máa rí lójú ayé, kí bàbá tó bí ọkùnrin máa kú sórí ẹní bí ẹni tí kò lẹ́nì kankan. Ó ní ọsibítù ni ẹni tó lọ́mọ ń kú sí láyé ìsinsìnyí, pé bí wọ́n bá gbé e kúrò, àwọn ará abúlé á ní ìtọ́jú rẹ̀ ló sú àwọn. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn gbé òun lọ. Ẹ̀gbọ́n ní bó bá ti jẹ́ pé ẹnu bàbá ló ti jáde, kò sí ohun tí òun tún fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu bàbá jáde ló parí àríyànjiyàn lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí ọmọbìnrin náà rántí ìyẹn lẹ́yìn ọ̀la.

Ilé ẹ̀rọ ni bàbá kọ́ kó tó kọ́ ilé tó ń gbé. Ìgbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n ló ra ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo náà, ó fi páànù bò ó lórí, ó sì ń sùn lórí àpò òfìfo nídìí rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, ó mọ yàrá kan mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀rọ, ó fi igi kan ibùsùn, ó gbé orí ibùsùn náà ti ògiri yẹn. Bí ẹ̀rọ bá ti dún, ògiri á gbọ̀n, ibùsùn á gbọ̀n, kọ́ọ̀pù páànù tó wà lórí pẹpẹ á máa ró kẹ́kẹ́kẹ́ lórí àwo rẹ̀. Ìyá wọn, kó tó kú, máa ń sọ pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, òwú ni òun fi ń dí etí. Nígbà tó yá, ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójijì ni òun ń ta jí.

Bàbá tiẹ̀ burú jù ú lọ. Á sùn lọ́sàn-án gangan nígbà tí ẹ̀rọ ń hó, bí wọ́n bá sì ti dá a dúró báyìí, ojú rẹ̀ á là. Àwọn oníbàárà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá ń wá Bàbá Ẹlẹ́rọ, kó dá ẹ̀rọ dúró, á jáde wá bá a jà.

Nígbà tí ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ọmọbìnrin ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lọ́kọ. Àwọn obìnrin tó ń gbé àgbàdo wá sọ ọ́ ní Ìyàwó Ẹ̀rọ. Wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á ní, “Ìyàwó Ẹ̀rọ, ṣé ọkọ jí ire?” Òun náà á ní ọkọ òun ò tíì mu epo, kí wọ́n jẹ́ kó mu epo ná. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ èèyàn lè máa rẹ́rìn-ín sí orúkọ kan kí orúkọ náà sì máa ta á lára. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn òun, ohun tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn sọ ni pé irin lòun fẹ́ràn ju èèyàn lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, èèyàn ti pé síbẹ̀. Wọ́n bá wọn gbé bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn igi rẹ̀, wọ́n sì jáde síta láti sọ tẹnu wọn. Abúlé ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní ọmọ náà ṣe dáadáa, pé kí ni àgbàlagbà tún ń wá láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn kan ní wọn ò gbọ́ irú èyí rí, kí wọ́n gbé ẹni tó ṣì ń mí kúrò lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n ní ẹni tó bá kú sílé lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ náà ló máa ru ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí. Ọkùnrin kan béèrè bóyá oògùn ara-ríro tí wọ́n fún un nínú ìgò yẹn kì í ṣe èyí tó máa ń yára mú èèyàn lọ. Gbogbo wọn wo ìgò náà.

Ìyá Aránṣọ, tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, wà lára àwọn tó yin ọmọ náà. Ọsibítù ni ọkọ tirẹ̀ kú sí, lẹ́yìn aṣọ ìkélé kan. Ó jáde lọ wá omi mímu fún un, nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti ká aṣọ ibùsùn. Ohun tó máa ń rántí jù ni ariwo ibẹ̀: kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti oúnjẹ, bàtà, rédíò àwọn aláìsàn mìíràn, àwọn tó ń pe ara wọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó gbà pé ariwo yẹn ni kò jẹ́ kí ọkọ òun rí ọ̀nà lọ.

“O ṣe é re,” ó sọ fún ọmọbìnrin náà, ó di apá rẹ̀ mú. “Jẹ́ kó kú síbi tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀. Kó kú ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.”

Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ kejì, eruku ọ̀nà kún ojú àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó kọ́ ọmọbìnrin náà bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà kí ara rẹ̀ má baà bó, bí wọ́n ṣe ń fi òwú tútù pa ètè rẹ̀, ìwọ̀n oògùn tó yẹ nínú ìdérí ìgò. Ó ní oògùn náà kì í pa èèyàn, ìrora ló ń pa. Kó tó gun alùpùpù rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bá bàbá sọ̀rọ̀, kí wọ́n má rò pé kò gbọ́. Bí ojú bá lọ, bí ẹnu bá lọ, etí ṣì wà níbẹ̀. Etí ló ń gbẹ̀yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Á tọ́jú bàbá láàárọ̀, á fún un ní oògùn, á lọ sídìí ẹ̀rọ, á fi irin yí i títí á fi gbaná. Bí ògiri bá ti ń gbọ̀n báyìí, bàbá á mí kanlẹ̀, á sùn. Kò sùn bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù rí. Nígbà mìíràn á jí láàárín iṣẹ́, á máa fi ìka lu pákó ibùsùn bí ẹ̀rọ ṣe ń lù, á sì gbóhùn sókè láti inú yàrá.

“Ta ló ni àgbàdo yẹn?”

Á dárúkọ oníbàárà náà fún un.

“Kò gbẹ. Ó ń bú bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́nà ọ̀fun. Sọ fún un kó lọ sá a.”

Oníbàárà á ní ó gbẹ. Ọmọbìnrin náà á ti ọwọ́ bọ àpò, àgbàdo náà á tutù. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, bàbá nínú yàrá, òun nídìí ẹ̀rọ, oníbàárà ní ìdúró pẹ̀lú ojútì. Lọ́jọ́ mìíràn, bàbá ní bẹ́líìtì ń yọ̀. Nígbà tó wò ó, ó ń yọ̀ lóòótọ́. Kò sígbà tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé bàbá sàn. Nọ́ọ̀sì ní kò sàn, ara ló tù ú, pé kó má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì.

Ẹni àkọ́kọ́ tó padà sẹ́yìn jẹ́ obìnrin kan láti ẹ̀yìn odò. Ó gbé àgbàdo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ fún un pé bàbá wà nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an, ó sì gbé igbá rẹ̀ padà sórí. Ó ní òun ò lè wá máa lọ àgbàdo sórí ẹni tó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn lọ sí abúlé kejì, ọ̀nà tó jìn, lójú oòrùn, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún bàbá. Bó bá jẹ́ ìkà ni wọ́n fẹ́ ṣe, ì bá rọrùn láti bá wọn jà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ìlú dé. Ó yá ibùsùn irin bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó mọ̀, irú ti ọsibítù gan-an, tó ní kẹ̀kẹ́ rọ́bà lẹ́sẹ̀ àti irin ìdábùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí aláìsàn má baà ṣubú. Ó ti ń gbọ́ ẹ̀rọ láti oríta. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

Kò pariwo. Ó pe àbúrò rẹ̀ síta. Ìyá Aránṣọ ti ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́ta kan sì ti ránṣẹ́ sí i pé ó yẹ kó gbọ́ ohun tó ń lọ. Gbogbo wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùlé, níwájú yàrá àti ilé ẹ̀rọ. Bàbá Àgbẹ̀, tó dàgbà jù nínú wọn, ló sọ̀rọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ní ọmọ náà burú, gbogbo abúlé ló rí ìtọ́jú tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìnrìn àjò, a kì í hó lé e lórí. Kí ẹ̀rọ dákẹ́ títí Ọlọ́run á fi ṣe tirẹ̀.

“Kí ni kí n sọ fáwọn èèyàn?” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Pé bàbá ń kú lọ nínú yàrá, ìwọ ń lọ àgbàdo lẹ́bàá orí rẹ̀? Ṣé ẹ̀rọ yìí ni ọkọ rẹ lóòótọ́?”

Ọ̀rọ̀ bàbá wà lẹ́nu ọmọbìnrin náà nígbà náà. Gbé mi lọ síbi tí mo ti lè máa gbọ́ ẹ̀rọ mi. Gbólóhùn kan ni. Bó bá sọ ọ́, ó lè parí àríyànjiyàn yìí bí ó ṣe parí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ. Wọ́n á ní ó ti ń fi ẹnu bàbá tó ń kú lọ gba iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á ní Ìyàwó Ẹ̀rọ ni tòótọ́. Ojú tì í ṣáájú kí wọ́n tó dójú tì í. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó ní, “Kò burú. Màá dá a dúró.”

Ó wọ ilé ẹ̀rọ, ó dá a dúró, ó yọ bẹ́líìtì, ó ká a, ó fi í kọ́ ara ìṣó. Láti inú yàrá, ó gbọ́ tí bàbá ta jí, tó ní, “Ta nìyẹn?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ dá a lóhùn pé kó máa sinmi.

Wọ́n gbé ibùsùn igi síta lọ́jọ́ náà, wọ́n fi aṣọ bò ó. Wọ́n tẹ́ bàbá sórí ti irin. Ó rọrùn fún ìyípadà, nọ́ọ̀sì pàápàá yìn ín. Láti ìgbà náà lọ, inú rere gbogbo abúlé rọ̀gbà yí ilé náà ká. Ìyá Aránṣọ kò tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ló fi ń rán ohun tó bá pọn dandan. Wọ́n lé àwọn ọmọdé kúrò lójúde, wọ́n so àwọn ewúrẹ́ jìnnà. Ẹni tó bá wá kí i, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń wọlé, á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ń fi omi apakòkòrò nu ilẹ̀ yàrá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí òórùn rẹ̀ fi bo ti ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀ pátápátá.

Bàbá kò sùn dáadáa mọ́. Wọ́n fi oògùn kún un, bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ìgbà mìíràn á la ojú tí kò ríran yẹn, á dẹ etí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ọmọbìnrin náà rí i. Kò fẹ́ mọ ohun tó ń rí. Ó máa ń mú òwú tútù, ó máa ń pa ètè rẹ̀, á jáde.

Ní ọ̀sán kan, ó ń nu ojú rẹ̀ nígbà tí bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Nọ́ọ̀sì.”

“Èmi ni, Bàbá. Ọmọ yín ni.”

Kò jọ pé ó gbọ́ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ń pa irin ìdábùú lọ sókè sódò. “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní ọmọbìnrin kan. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé mi lọ sílé.”

“Bàbá, ilé lẹ wà. Yàrá yín nìyí. Ògiri ilé ẹ̀rọ nìyí, ẹ fọwọ́ kàn án.”

Ó gbé ọwọ́ bàbá, ó fi tẹ ògiri. Ògiri náà tutù, kò mira. Ọwọ́ bàbá dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, bí àgbàlagbà ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tó ń parọ́ nítorí àánú.

“Ilé mi ń dún,” ó ní. “Ẹ ṣeun. Bí ọmọ mi bá dé, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò bínú. Ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa. Ó lè jẹ́ ọ̀nà ló dí i lọ́wọ́.”

Ọmọbìnrin náà dìde. Ó rántí pé òun jáde, kò rántí bóun ṣe gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Àwọn àgbà mẹ́ta yẹn wà lórí bẹ́ǹṣì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá jókòó. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó kúnlẹ̀ kí wọn nítorí pé kò sí bí kò ṣe ní kí wọn, ó wọ ilé ẹ̀rọ, ó já bẹ́líìtì lára ìṣó, ó fi í kọ́ ẹ̀rọ. Ó mú irin tí wọ́n fi ń yí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé.

Ọmọbìnrin náà sọ fún un. Ó sọ ohun tí bàbá sọ lọ́sibítù, ó sọ ohun tó sọ tán láìpẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n náà fara ti àpò kan tó wà níbẹ̀. Òun náà ní ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní lánàá, bàbá pe òun ní dókítà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Òun rò pé oògùn ló ń dà á láàmú.

“Jẹ́ kí n yí i,” àbúrò rẹ̀ ní.

Ẹ̀gbọ́n wo ìta. “Jẹ́ kí àwọn àgbà dìde ná. A ò lè máa hó lé wọn lórí láìsọ nǹkan kan. Wọn ò ní pẹ́ lọ.”

“Lọ sọ fún wọn.”

“Kí ni kí n sọ? Pé aṣìṣe ni wọ́n ṣe? Wọn ò ní pẹ́.”

Ó yẹ kó yí i nígbà náà. Irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dì í mú. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ pé a kì í dìde nígbà tí àgbà bá jókòó, a kì í já lu ọ̀rọ̀ wọn, ẹ̀rọ sì pariwo ju ẹnu lọ. Ó dúró. Láti ibi tó wà, ó ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń yin bàbá. Bàbá Àgbẹ̀ ń sọ pé láyé ọkùnrin yìí, ìyẹ̀fun ẹnikẹ́ni kò kù sínú ẹ̀rọ rí, pé á fi ìyẹ́ adìẹ gbá a jáde títí dórí èyí tó rọ̀ mọ́ irin. Wọ́n béèrè omi. Ẹ̀gbọ́n bù ú fún wọn. Ẹnìkan tún mú ìtàn mìíràn wá, ti ọdún tí òjò wó òrùlé ilé ẹ̀rọ tí bàbá sì ń lọ àgbàdo lábẹ́ agboòrùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rántí, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Àgbẹ̀ wá ní, “Láti ìgbà tí mo ti mọ ibí yìí, mi ò gbọ́ kí ilé yìí dákẹ́ báyìí rí. Ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ nìyẹn.”

Alùpùpù nọ́ọ̀sì dé lákòókò yẹn. Ó kí àwọn àgbà, ó wọ yàrá. Wọ́n ń múra láti dìde nítorí rẹ̀. Ọ̀kan ti ń wá ọ̀pá rẹ̀ kiri abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọmọbìnrin náà gbé irin náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀ dáadáa bí bàbá ṣe kọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì yọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì ń wá ọmọbìnrin náà kiri láàárín àwọn tó wà níta.

Irin náà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin náà yọ ọ́, ó rọra gbé e sílẹ̀ kó má baà ró.

Abúlé sin ín dáadáa. Wọ́n yin àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ti ní kò yẹ kí wọ́n gbé e kúrò ní ọsibítù gbà nísinsìnyí pé àwọn ò mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ ìgò oògùn ní bó bá kan òun, kí wọ́n gbé òun náà wálé, kí wọ́n sì jẹ́ kí ibẹ̀ pa rọ́rọ́ bí ti Bàbá Ẹlẹ́rọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń fi ikú bàbá ṣe àpẹẹrẹ.

Ìyá Aránṣọ sunkún lé ọmọbìnrin náà léjìká. Ó ní òun ti fi ojú òun rí èyí tí ọkọ òun kò rí. “O fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó kú sílé, kò sí ariwo kankan.”

“Ẹ ṣeun, Ìyá,” ó dá a lóhùn. Ìyá Aránṣọ ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ dúró fún ọjọ́ gbọọrọ nítorí bàbá. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú ibùsùn irin náà, ó dì í sẹ́yìn ọkọ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tí bàbá sọ. Kó tó wọ ọkọ̀, ó dúró lẹ́nu ilé ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó béèrè bóyá epo ṣì wà. Àbúrò rẹ̀ ní epo wà. Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa, ó sì lọ.

Nígbà tó yá, àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbàdo wá. Wọn ò pè é ní Ìyàwó Ẹ̀rọ mọ́. Wọ́n ń pè é ní Ọmọ Rere. Orúkọ náà ṣòro fún un láti jẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yí ẹ̀rọ, ó gbaná, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó da àgbàdo sí i lẹ́nu, ohùn rẹ̀ wúwo. Ó mọ̀ láìtọwọ́ bọ àpò pé kò gbẹ. Ó dúró, ó ń retí kí ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá. Kọ́ọ̀pù páànù ló ń ró lórí pẹpẹ.

Ilé ni Bàbá Ẹlẹ́rọ kú sí. Òun nìkan ni kò mọ̀.